ÀWỌ̀ ARA ALÁGẸMỌ



Àwọn baba wa a máa pìtàn pé nígbà tí Olókun fẹ́ fi aṣọ bá Olódùmarè díje, Alágẹmọ ni a rán sí i, àti pé gbogbo aṣọ tí Olókun wọ̀ jáde ni ara ìránṣẹ́ náà fi hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà títí di òní pé ohunkóhun tí a bá gbé ẹranko yìí lé, àwọ̀ rẹ̀ ni yóò mú. Nítorí náà ni a ṣe ń fi orúkọ rẹ̀ pe ẹlẹ́tàn. Ẹjọ́ yìí ni a fẹ́ tún gbọ́.

Ara gbogbo ẹranko kún fún yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú awọ alágẹmọ, àwọn kan wà tí àwọ̀ nìkan jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn ti òkè ní èròjà tí ó pọ́n bí ìyeyè. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ní èròjà dúdú, wọ́n sì yọ ẹ̀ka bí igi. Bí dúdú náà bá tàn ká inú ẹ̀ka, ara a ṣókùnkùn. Bí ó bá kó jọ sí àárín, ara a mọ́.

Láàárín méjèèjì ni ohun ìyanu gbé wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò ní aró kankan. Ègé gúánínì wínníwínní, tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, ni ó kún inú wọn. Ní ọdún 2015, Michel Milinkovitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Geneva fi hàn lára alágẹmọ kan tí ó jẹ́ ti Madagásíkà pé nígbà tí ara akọ bá balẹ̀, ègé wọ̀nyí a sún mọ́ra, wọn a sì dá ìmọ́lẹ̀ búlúù padà. Búlúù yìí a kọjá lára ìyeyè, àwọ̀ ewé ni a ó sì rí. Bí inú rẹ̀ bá ru, wọn a jìnnà síra, ara a sì pọ́n bí ìyeyè tàbí bí ọsàn.

Kí ni ń ru inú rẹ̀? Akọ mìíràn ni, tàbí abo. Kì í ṣe aṣọ tí a tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti Arizona rí i lára alágẹmọ ilẹ̀ Yemen pé bí akọ méjì bá kojú ara wọn, èyí tí orí rẹ̀ yára tàn jù ni ó sábà ń borí. Ṣé ẹlẹ́tàn ni ẹni tí ń fi ìbínú rẹ̀ hàn gbangba báyìí? A kò wí pé kì í fara pamọ́. Àwọ̀ ewé rẹ̀ lásán tó ìbòjú láàárín ewé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá sùn lóru, ara rẹ̀ sábà ń ṣì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbé fìtílà wọ inú igbó a rí i lórí ẹ̀ka kedere ju ti ọ̀sán lọ.