Òkété Mẹ́rìnlá, Ìwà Mẹ́rìnlá

Òkété ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú yín tó jẹ́ pé bí eku ilé kékeré bá sáré kọjá nínú yàrá, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa fò sí. Ẹ fara balẹ̀. Òkété yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó lè wọn kílò kan, ó tiẹ̀ lè lé díẹ̀. Ìrù rẹ̀ dúdú ní ìdí, ó funfun ní ìparí, ó sì ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó fi ń kó ẹrù bí ẹni tó ń ti ọjà Alaba bọ̀.

Iworo ni mo wà. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kó wọ ọkọ̀ Badagry ní Mile 2, kó sọ̀kalẹ̀ ní Aradagun, kó wá wọ kẹ̀kẹ́ wọlé sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ilé mi, òkété mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, akọ mẹ́rin, abo mẹ́wàá, kálukú nínú kéèjì wáyà tirẹ̀ nítorí pé bí ẹ bá fi pákó ṣe é, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti jẹ ẹ́ jáde. Mi ò sìn wọ́n fún eré. Títà ni mò ń tà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń gbé oúnjẹ fún ẹran mẹ́rìnlá lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kò ní pẹ́ kó tó rí i pé kò sí méjì tó jọra nínú wọn.

Ẹ wo Ìyálọ́jà. Ohunkóhun tó bá wọ inú kéèjì rẹ̀ ti di tirẹ̀: ẹyìn, ẹ̀pà, ìdérí ìgò, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì. Earpiece mi kan já bọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ojú mi ló ṣe kó o sẹ́nu. Òkété gbogbo ló ń kó nǹkan pamọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ìyálọ́jà ń kó o bí ẹni tó jẹ gbèsè. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ìyẹn a jẹ tirẹ̀ tán, a sì sùn. Sísí kì í jẹun lójú ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dúró títí di ọ̀gànjọ́, ebi ni yóò fi sùn. Pẹ̀lẹ́ ní tirẹ̀, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn tán, ó ti na imú síta, á gun apá mi, á máa gbọ́ òórùn kọ́là aṣọ mi. Bàbá Àgbà ti lé ní ọdún mẹ́fà, oorun ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn àgbà sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Mo ti ń ṣọ́ bàbá yìí láti ọjọ́ yìí, ẹyìn àti ọ̀dùnkún ló ń jẹ.

Ó wá ku Sójà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi fún wọn lóúnjẹ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọwọ́ èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti wú irun, ó ti ń fẹ́ imú fíìì, ó ti sáré wá síwájú. Òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo wọn. Ibí ni wàhálà wà. Ẹni tó ń sin ẹran fún títà, akọ tó tóbi jù ló yẹ kó fi gun abo. Oníbàárà kì í béèrè bóyá ẹran jẹ́ onísùúrù kó tó sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ti ọwọ́ bọ inú kéèjì. Bí mo bá jẹ́ kí Sójà bí ọmọ ogún, ṣé Sójà ogún ni màá máa bá jà lálaalẹ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, láàárín àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. S. Ajayi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkété inú igbó di ẹran ọ̀sìn. Wọ́n fi hàn pé ó lè gbé inú kéèjì, kó bímọ níbẹ̀, kó sì jẹ́ ẹran tó dára lóúnjẹ. Ní Rọ́ṣíà lóhùn-ún, ìwà gan-an ni wọ́n gbájú mọ́. Ní ọdún 1972, ní ìlú Novosibirsk, àwọn èèyàn Dmitri Belyaev, ọkùnrin tó ti ń sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láti ọdún 1959 kí wọ́n lè rọlẹ̀, kó eku tí wọ́n mú nígbó, wọ́n pín wọn sí agbo méjì. Lára agbo kìíní, àwọn tó bá fara rọ nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá súnmọ́ wọn nìkan ni wọ́n jẹ́ kó bímọ. Lára agbo kejì, àwọn tó bá kọlu ọwọ́ ni wọ́n yàn. Ìran dé ìran, wọn kò dá a dúró. Lónìí, ẹ lè fi ọwọ́ lásán gbé eku agbo kìíní. Ti agbo kejì, bí ẹ bá súnmọ́ kéèjì, igbe ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, eyín ni yóò tẹ̀ lé e.

Wọ́n kó lára àwọn eku náà lọ sí ìlú Leipzig ní Jámánì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọmọ agbo oníjà fún ìyá tó rọlẹ̀ pé kó tọ́ ọ, wọ́n sì gbé ọmọ ẹni tó rọlẹ̀ fún oníjà. Ìwà tí wọ́n bí mọ́ àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìgbà tí mo ka ìyẹn, mo ní ọ̀rọ̀ Sójà ti tán, kó máa lọ sọ́jà.

Àfi ìgbà tí mo tún ka ti Robert Rosenthal. Ní ọdún 1963, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé eku fún akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ní Amẹ́ríkà, márùn-ún márùn-ún. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé eku tiwọn jẹ́ ọmọ ọlọ́pọlọ pípé, wọ́n sọ fún àwọn tó kù pé tiwọn ya òpè. Irọ́ ni. Eku kan náà ni gbogbo wọn, ńṣe ni wọ́n kàn pín wọn bó ṣe bọ́ sọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ́ wọn lọ́nà, eku tí wọ́n pè ní ọlọ́pọlọ ló ṣe dáadáa jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé tiwọn gbọ́n ló fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú wọn, wọ́n sì ń gbé wọn léraléra.

Orúkọ ń ro ọmọ, ṣé ẹ rí i? Mo wá jókòó, mo ń wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń fún Sójà lóúnjẹ. Ó máa ń ju ẹyìn sínú kéèjì látòkèèrè, á ti ilẹ̀kùn gbàm, á sì fò sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èmi náà lálaalẹ́, màá wú irun.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì, ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹnì kan náà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ, yóò na ẹ̀pà kan sí ẹnu ọ̀nà kéèjì kọ̀ọ̀kan, yóò ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ohun mẹ́rin péré la ń kọ sórí fóònù: ó wá gbà á, ó dúró gbagidi, ó sá wọlé, tàbí ó kọlu ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹran kankan nílé, kódà kó jẹ́ adìẹ, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ojú máa ń tan èèyàn, òjò kan tàbí ìbínú kan ti tó láti ba ìdájọ́ wa jẹ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá kì í ṣe ojú. Pẹ̀lẹ́ gba ẹ̀pà lọ́jọ́ mẹ́rìnlá. Sísí sá lọ́jọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ó dúró. Sójà kọlu ọwọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọlù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ó gba ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mejì.

Abo kan tún wà tí a ń pè ní Alágídí, torí pé akọ mẹ́ta ló ti lé jáde. Tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kọ nípa ohun tí wọ́n rí lára abo òkété: ọ̀pọ̀ ló ti dàgbà tán tí ojú ara wọn ṣì dí, tí wọn kò lè gba akọ rárá. Ó lè ṣí tó bá yá, ó sì tún lè padà dí. Wọ́n ń fura pé òórùn ìtọ̀ abo tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn wà lára ohun tó ń dá àwọn tó kù dúró. Kéèjì Alágídí wà ní ìsàlẹ̀ ti Ìyálọ́jà gan-an. Mo ti gbé e lọ sí ògiri kejì. Kò tíì gba akọ, ṣùgbọ́n mo ti yọ orúkọ Alágídí kúrò lára kéèjì rẹ̀.

Ẹ ó rántí Magawa, òkété tí fọ́tò rẹ̀ kárí fóònù ní ọdún 2020, tó fi ẹ̀yẹ wúrà sọ́rùn. Òun ni eku àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ní irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Morogoro ní Tanzania, lọ́dọ̀ àwọn APOPO, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ àti ohun ìbúgbàmù mìíràn tó fi imú wá jáde ní Cambodia kó tó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn míràn ń gbọ́ òórùn ikọ́ ife nínú itọ́ aláìsàn. Ohun tó kàn mí nínú iṣẹ́ wọn ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kété tí ọmọ òkété bá ti lajú, èèyàn ti ń gbé e kiri, kí ariwo, ọkọ̀ àti òórùn wa má bàa jẹ́ ẹ̀rù fún un. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni àkókò yẹn. Bí ẹ bá jẹ́ kó kọjá, agbára ni ẹ ó fi san án.

Àwọn èèyàn ti sọ fún mi pé, kí ló dé tí o kò kàn ra akọ mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ojú títì, tó rọlẹ̀? Rárá o. Ní ọdún 2003, wọ́n kó òkété àti àwọn eku mìíràn láti Ghana lọ sí Texas, wọ́n sì tọ́jú wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹran kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣeré nílé. Mpox ló bá wọn lọ. Àwọn ẹran kékeré yẹn kó o, àwọn tó rà wọ́n náà kó o. Èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n kà pé ó mú. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ẹran tí mi ò mọ inú igbó tó ti wá kò ní wọ ọgbà mi. Akọ tí mo ní ni màá fi ṣe é.

Ohun tó sì dá mi dúró lórí ọ̀rọ̀ Sójà nìyí. Àwọn ará Leipzig ní a bí i mọ́ ọn ni. Ṣùgbọ́n ní Montreal ní Kánádà, Michael Meaney àti àwọn tirẹ̀ rí i pé abo eku kan a máa lá ọmọ rẹ̀ ṣáá, òmíràn kì í sì í ráyè. Ọmọ ẹni tó ń lá ọmọ rẹ̀ dàgbà di ẹni tí àyà rẹ̀ kì í tètè já. Ní ọdún 1999 wọ́n kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ìyá tí kì í lá ọmọ fún ìyá tó ń lá ọmọ, ọmọ náà jọ ìyá tó tọ́ ọ. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ohun tí wọ́n ń wò yàtọ̀ díẹ̀, mo mọ̀. Ìjayà lápapọ̀ kì í ṣe ìjà pẹ̀lú ọwọ́ èèyàn. Eku tiwọn kì í sì í ṣe òkété.

Sísí lóyún fún Sójà. Pẹ̀lẹ́ náà lóyún fún akọ mìíràn tó fara rọ. Oyún òkété kò ju bí oṣù kan lọ, ọ̀sẹ̀ kan náà ni a gun àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá bímọ, màá pààrọ̀ ìdajì ọmọ Sísí pẹ̀lú ìdajì ọmọ Pẹ̀lẹ́. Màá kọ́kọ́ fi koríko inú ìtẹ́ ìyá tuntun pa ọmọ lára kí òórùn wọn lè dọ́gba, nítorí ìyá tí ẹ̀rù bá bà lè pa ọmọ jẹ. Màá fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ìrù àwọn tí a pààrọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀pà, ìbọ̀wọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ọmọ mélòó kan kò tó láti fi kọ ìwé, ṣùgbọ́n ó tó láti fi pinnu bóyá Sójà máa wà níbí di ọdún tuntun.

Bí àwọn ọmọ bá ti lajú, fídíò máa wà lójú ìwé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi ta tẹ́tẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà pé ọmọ Sójà máa bu ìbọ̀wọ́ jẹ, ẹni yòówù kó tọ́ ọ. Èmi náà ti gbé owó tèmi sílẹ̀.