Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Wọ Inú Tánkì Ìgbẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa)



Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dimú. Àwọn àgbà ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo wa là ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-iṣẹ́ àti ti gáréèjì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kún là ń rántí pé tánkì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń wá lébìrà kan, wọn a fún un ní owó díẹ̀ àti korobá, wọn a ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí a dìde sí lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí tánkì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wọ inú rẹ̀ ń pín sí mẹ́ta. Èyí tó wúwo ń rì sí ìsàlẹ̀, ó ń di ẹrẹ̀ dúdú. Ọ̀rá àti èyí tó fúyẹ́ ń léfòó. Omi àárín ló ń ṣàn lọ sí sọ́kawéè, tí ilẹ̀ ń fà á mu. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ ẹrẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, kò sí tánkì tí kì í kún. Bí ẹrẹ̀ àti èyí tó léfòó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta, àkókò tó láti pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Igi gígùn tí a we àkísà funfun mọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n láti òkè: ibi tí àkísà bá dúdú dé ni ẹrẹ̀ dé.

Ohun mẹ́ta ló ń ba tánkì jẹ́. Èkíní ni ohun tí kì í jẹrà: náílọ́ọ̀nù, àkísà, páàdì. Èkejì ni oògùn apakòkòrò tí a ń dà sí i ní gálọ́ọ̀nù. Ó ń pa àwọn kòkòrò tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ará gáréèjì, ẹ gbọ́ o: ọ́ìlì tí a ti lò àti pẹtiróòlù tí a fi fọ irin. Pẹtiróòlù nínú tánkì lè gbiná.

Ẹ̀yin awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tánkì wà lábẹ́ ọkọ̀ tiyín náà. Ibi tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ ti tú u, kì í ṣe gọ́tà tàbí etí títì. Bí ẹ bá tú u tán, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ìgbẹ́ má baà gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ikú ló kù. Bí àwọn kòkòrò yẹn ti ń jẹun ni afẹ́fẹ́ burúkú ń jáde. Ọ̀kan ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bó bá kéré, imú a gbọ́ ọ. Bó bá pọ̀, ó ń pa imú kú, ẹni náà a rò pé òórùn ti lọ. Òmíràn kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń gbiná: ẹ má tan sìgá tàbí fìtílà lẹ́nu ihò. Gbogbo wọn ń lé afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde. Ṣíṣí ìdérí láti àná kò tó, torí bí ẹsẹ̀ bá ti ru ẹrẹ̀, òmíràn tún jáde. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò lè dá a dúró.

Ẹni àkọ́kọ́ á ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ́ sí i láti gbé e, òun náà á ṣubú. Báyìí ni tánkì kan ṣe ń pa ju ẹnìkan lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tó ṣubú, ẹ má wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ kígbe, ẹ pe 112. Bí okùn bá wà lára rẹ̀, ẹ fà á láti òkè.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Factories Act ti 1987 sọ nípa ibi tí afẹ́fẹ́ burúkú lè wà pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ ìmí àti bẹ́líìtì olókùn, kí ẹnìkan sì di okùn náà mú níta. Employee's Compensation Act ti 2010 kan lébìrà ojoojúmọ́ náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ àgbà nìkan. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú kì í jí òkú.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn yóò máa wọn tánkì sílẹ̀, kí a rí i. Kí ọkọ̀ fi páìpù fà á láti òkè, kí ènìyàn kankan má sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n má fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀ láti wọlé. Ẹni tí wọ́n bá sì fi korobá lé lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ wá rí aṣojú ẹgbẹ́.

Lébìrà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹnìkan ni. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.