Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbẹ̀ Ẹlẹ́pà: Nípa Àmì Dúdú Lára Ewé Ẹ̀pà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé nígbà tí ewé ẹ̀pà bá pọ́n, tí ó sì ń já, ẹ̀pà náà ti gbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àrùn a máa já ewé ẹ̀pà tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì le.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ewé ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àrùn náà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí àmì roboto kéékèèké. Oríṣi méjì ni. Èyí tí ó ń tètè dé rí bí ilẹ̀ pupa, òrùka tí ó pọ́n bí ìyeyè a sì máa yí i ká. Èyí tí ó ń dé lẹ́yìn dúdú jù ú lọ, pàápàá ní ẹ̀yìn ewé. Ewé ni ó ń bọ́ ọmọ ẹ̀pà nínú ilẹ̀. Bí ewé bá já tán, ọmọ a hunjọ. Níbi tí àrùn náà bá ti le, ó lè gba ìdajì èrè oko.

Kì í ṣe oògùn ọ̀tá. Ìbátan olú ni ohun tí ó ń fà á, irúgbìn rẹ̀ kò sì tó ohun tí ojú lè rí. Afẹ́fẹ́ àti òjò ni ó ń gbé e káàkiri, a sì máa sùn sínú pàǹtírí ẹ̀pà títí di ọdún kejì. Nítorí náà, lẹ́yìn ìkórè, ẹ kó ewé àti igi ẹ̀pà kúrò lóko, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ fa èyí tí ó bá lalẹ̀ hù tu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gbin ẹ̀pà sí ojú kan náà lọ́dún tí ó tẹ̀lé e; ẹ fi àgbàdo, ọkà bàbà tàbí ẹ̀gẹ́ sí i fún ọdún méjì, nítorí àrùn yìí kì í mú wọn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ lè pín oko sí méjì, kí ó máa pààrọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yóò sọ èyí di aláìlágbára díẹ̀.

Bí ewé bá ti ń já ńkọ́? Ẹ má ṣe kánjú hú ẹ̀pà, ẹ má sì ṣe fi í pẹ́, nítorí okùn tí ó so ọmọ mọ́ ìyá a máa jẹrà, ọmọ a sì kù sínú ilẹ̀. Ẹ hú ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ pa wọ́n, kí ẹ wo inú èèpo. Bí ó bá funfun, kò tí ì gbó. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ti ní àbàwọ́n dúdú nínú, ẹ hú oko náà láìjáfara.