Ta Ni Ó Ni Àwòrán Tí Léésà Ń Fín?

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí ẹ wo pátákó tí ó wà lórí tábìlì yìí dáadáa. Igi ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ ọ̀gá wa kan tí ó fẹ̀yìn tì ni wọ́n fín sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì fín àwòrán onígángan kan sí òkè. Bí ẹ bá fojú kàn án lásán, iṣẹ́ tí ó dára ni. Èmi fúnra mi ni mo gbé iṣẹ́ náà fún àwọn tí ó ṣe é, èmi náà ni mo sì bá wọn wá àwòrán.

Bí mo ṣe wá a kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù mi, àwòrán rẹpẹtẹ jáde, mo mú èyí tí ó wù mí, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní ẹ̀rọ léésà, ó sì bá mi yọ ohun tí kò wúlò kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ ayẹyẹ pé, a gbé pátákó lé ọ̀gá lọ́wọ́, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìjókòó tú, ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ rí ní kíláàsì ìyàwòrán wá bá mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, níbo lẹ ti rí àwòrán yìí?" Mo ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Èmi ni mo yà á, sà. Bàbá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í fi ọwọ́ òsì lu ìlù."

Ẹ wo pátákó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gángan wà ní abíyá ọ̀tún, kọ̀ǹgọ́ wà ní ọwọ́ òsì. Kì í ṣe pé kò sí onílù ọlọ́wọ́ òsì láyé, ṣùgbọ́n bàbá yìí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé àwòrán náà láìtọrọ ni ó yí i sódì, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, bóyá kí ẹnikẹ́ni má baà tètè dá a mọ̀, ó sì ti pa orúkọ tí ọmọ náà kọ sí igun ìsàlẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ó fi dé ọwọ́ mi, àwòrán náà kò ní bàbá, kò ní ìyá. Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà láti ọjọ́ pípẹ́ kò sì béèrè pé ọmọ ta ni.

Ẹnìkan lè wí pé pátákó kan ṣoṣo ni, kí ni ó burú níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ta igi gba owó igi. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ gba owó iṣẹ́. Ẹni tí ó ta epo bẹntiróòlù tí a fi tan jẹnẹrétọ̀ gba owó tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rí kọ́bọ̀ gbà ni ẹni tí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù títí tí iṣan ọwọ́ onílù fi jáde lórí bébà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán yẹn gan-an ni ọmọ náà ń tẹ̀ sórí káàdì tí ó ń tà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rọ náà ní ráńpẹ́, nítorí àwọn kan nínú yín kò tíì rí i rí. Ní ọdún 1960 ni Theodore Maiman kọ́kọ́ mú kí irú ìmọ́lẹ̀ yìí tàn ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1964, Kumar Patel, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ṣe èyí tí ó ń lo afẹ́fẹ́ carbon dioxide, irú rẹ̀ sì ni àwọn tí ń fín igi, awọ àti pásípẹ́ẹ̀sì ń lò. Ojú kì í rí ìtànṣán rẹ̀. Dígí ni ó ń darí rẹ̀, awò sì ń kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo tí ó kéré púpọ̀. Ibẹ̀ á gbóná, igi á jó, ọnà á jáde.

Ẹ̀rọ yìí yára, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní ojú inú. Àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ní ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ní ọnà nínú orí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni ó ti ń wọ̀ wọ́n lára. Léésà kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá bọ́ ọ ni ó ń jẹ. Nítorí náà ni ìbéèrè tí oníṣọ̀nà ayé àtijọ́ kì í sábà bi ara rẹ̀, pé níbo ni àwòrán ti wá, fi di ti gbogbo ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ yìí, láti Ṣómólú níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí dé iwájú ilé ìwé yín.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yá ọnà lò o. Yíyá ọnà lò ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún karùndínlọ́gbọ̀n Ọba George Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935, àwọn aláàdìrẹ wo àwòrán ọba àti ayaba lára àwọn ohun ìrántí àjọ̀dún náà, wọ́n sì sọ ọ́ di àdìrẹ olóba. Àwọn tí ó ya Ìbàdàndùn wo òpó gbọ̀ngán Mápó, wọ́n fi ṣe ọnà aṣọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú méjèèjì yìí, ohun tí wọ́n mú kọ́ ni ohun tí wọ́n gbé jáde. Bákan náà, nígbà tí Làmídì Fákẹ́yẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọyẹ́ Èkìtì, kò sí ẹni tí yóò pè é ní olè nítorí pé ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gba àṣẹ, ó ń fi agbára àti ọdún ayé rẹ̀ san án, gbogbo ènìyàn sì mọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Èmi tí mo tẹ fóònù, ọ̀gá wo ni mo sìn?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin wí. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni ó gba ipò èyí tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1988. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi sọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ya àwòrán ni ó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti yà á. Kò di ìgbà tí ó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà yóò wà fún un ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, yóò sì wà fún àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Fákẹ́yẹ kú ní oṣù kejìlá ọdún 2009. Nítorí náà, òpin ọdún 2079 ni ẹ̀tọ́ lórí àwọn ère rẹ̀ yóò tó parí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti kú ní nǹkan bí ọdún 1938, àkókò tirẹ̀ sì ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń ya àwọn ilé ìwé lẹ́nu. Bí ẹ bá san owó fún ayàwòrán kí ó ya àmì ilé ìwé yín, àwòrán ni ẹ rà. Ẹ kò tíì ra ẹ̀tọ́ àdàkọ àyàfi bí ẹ bá jọ kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin sì fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́: olùkọ́ lè fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ife onígi tí ẹ fín tí ẹ sì ń tà fún àwọn òbí ní ọjọ́ ìparí ọdún kì í ṣe ẹ̀kọ́, ọjà ni.

Ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń yọ̀ ni iṣẹ́ àtijọ́. Ọlọ́wẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, tí ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ènìyàn lè rò pé níwọ̀n bí àkókò agbẹ́gilére náà ti kọjá, kò sí ẹni tí ó lè bi òun léèrè mọ́. Àmọ́ ẹni tí ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Ilé ìṣúra náà fi fọ́tò rẹ̀ síta fún aráyé pẹ̀lú àdéhùn pé kí ẹ dárúkọ àwọn, kí ẹ má sì fi ṣòwò. Ó dùn mí láti sọ ọ́, pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ yóò ka àdéhùn ará Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó fín ilẹ̀kùn ààfin rẹ̀ sára pátákó títà, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn bí fọ́tò tiwọn ni ó bá fẹ́ lò. Àwọn mìíràn lawọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1917 lọ sẹ́yìn kọ́ ni mo ń wí o, láti oṣù kejì ọdún 2017 ni Metropolitan Museum ní New York ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí fọ́tò àwọn iṣẹ́ tí àkókò wọn ti kọjá, Smithsonian sì ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹ lè mú irú ìyẹn, kí ẹ fín in, kí ẹ sì tà á, láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Níbòmíràn, ẹ ó rí àwọn àmì Creative Commons lábẹ́ àwòrán. BY ni pé kí ẹ dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. NC ni pé kí ẹ má fi ṣòwò. SA ni pé irú àṣẹ tí wọ́n fún yín ni kí ẹ fún ẹlòmíràn lórí ohun tí ẹ bá fi ṣe. ND ni pé kí ẹ má pín ohun tí ẹ bá ti yí padà, èyí sì ni ó yẹ kí àwọn afínléésà bẹ̀rù jù, nítorí pé bí ẹ bá ti sọ fọ́tò di ìlà dúdú àti funfun, ẹ ti yí i padà. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "A ti tún un yà lórí kọ̀ǹpútà, ó ti di tiwa." Kò tíì di tiyín. Bẹ́ẹ̀ ni "gbà á lọ́fẹ̀ẹ́" tí wọ́n kọ sórí ìkànnì kì í ṣe àṣẹ fún ohun gbogbo. Ẹni tí ó ní kí ẹ wọlé wá jẹun kò ní kí ẹ gbé ìkòkò lọ. Ní ti orúkọ oníṣẹ́, ẹ̀yìn pátákó gba orúkọ mẹ́wàá.

Àwọn ọnà tí kò ní olówó kan pàtó ńkọ́, irú èyí tí a bá lára igbá, ilẹ̀kùn àti ọpọ́n? Òfin wa kò fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹran tí kò ní olùṣọ́. Ẹni tí yóò fi wọ́n ṣòwò lẹ́yìn òde àṣà tí ó bí wọn yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a fàyè gba ẹni tí ó bá yá nínú wọn níwọ̀nba láti fi ṣe iṣẹ́ tuntun tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí níbí ju òfin lọ. Mo ti rí ojú odù Ifá lára ìṣíbíà. Ẹni tí ó fín in kò mọ odù tí ó fín. Kí ó tó fi iná sí i, ṣé kò lè bi babaláwo àdúgbò rẹ̀ léèrè?

Ọ̀nà tí ó dára jù lójú mi ni kí a máa yà á fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi yíǹkì dúdú yà á sórí bébà funfun, ìlà tí ó gbọn-ingbọn-in, tí kò tín-ínrín jù, nítorí pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń sọnù sínú ìlà ara igi. Ẹ yà á wọ inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi Inkscape, tí a kì í sanwó rẹ̀, sọ ọ́ di àwòrán onílà. Àwòrán tí a fi àmì tóótòòtó kó jọ máa ń fọ́ bí a bá fẹ̀ ẹ́. Àwòrán onílà kì í fọ́ bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù igi kan náà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi PVC sínú ẹ̀rọ yìí láéláé: afẹ́fẹ́ olóró tí ó ní chlorine nínú ni yóò jáde, yóò pa ènìyàn lára, yóò sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ya àwòrán tí a lò, kí a san owó fún un, kí a kọ àdéhùn, ìbáà ṣe ìlà márùn-ún péré.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ayẹyẹ yẹn nìyí. Mo bẹ ọmọ náà, mo sì sọ fún ọ̀gá wa bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọmọ náà gba owó tí ó yẹ, ó fún wa ní àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yà á, a sì fín pátákó mìíràn. Òun ni ó wà nílé ọ̀gá báyìí. Kọ̀ǹgọ́ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, gángan wà ní abíyá òsì. Nígbà tí mo bi í pé orúkọ wo ni kí a fín sí ẹ̀yìn, ó ní kí a fi ti bàbá òun ṣáájú, kí tòun tẹ̀ lé e. Ọ̀gá dá ti àkọ́kọ́ padà fún mi, òun sì ni ẹ ń wò lórí tábìlì yìí.