Ibà Tí Kì Í Ṣe Ibà Lásán



Ṣàṣà ni agbo ilé ní Oníyanrìn níbí tí kò tíì gbé aláìsàn lọ sí Adéọ̀yọ́, tàbí sí UCH tí a ṣí ní ọdún 1957. Ẹ̀yin ni ẹ ń sùn tì wọ́n, ẹ̀yin ni ẹ ń ra oògùn. Nítorí náà ẹ̀yin ni àwa ń bá sọ̀rọ̀.

Sẹ́písì ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn náà. Kòkòrò àrùn a gba ojú ọgbẹ́, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ilé ọmọ wọlé. Ara a dìde láti bá a jà. Ṣùgbọ́n ìjà náà a kọjá ààlà, títí ara yóò fi máa ba kíndìnrín, ọkàn àti ọpọlọ ara rẹ̀ jẹ́. Ó dàbí ẹni tí ń lé olè, tí ó sì ti iná bọ ilé ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní ọdún 2017 ó pa tó mílíọ̀nù 11 ènìyàn ní gbogbo ayé.

Ọwọ́ ẹlòmíràn a máa gbé e wá. Ní ìlú Vienna, ní 1847, dókítà Semmelweis rí i pé àwọn oníṣègùn ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá gbẹ̀bí, àwọn abiyamọ sì ń kú. Ó pàṣẹ kí olúkúlùkù fi omi oní-chlorine fọ ọwọ́. Ikú náà sì rọlẹ̀ gidigidi láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń lọ kí aláìsàn, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó dì í mú gbàdúrà, ẹ má sì tú ọgbẹ́ rẹ̀ wò.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ara lè gbóná janjan. Ara ẹlòmíràn a sì máa tutù, pàápàá arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Àyà a máa lù kìkì, ìtọ̀ a dínkù. Bí àgbàlagbà bá ń mí tó ìgbà 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fura. Èyí tí ó burú jù lójú tiwa ni pé aláìsàn a máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí, tàbí kí ó máa sùn fọnfọn, àwọn ará ilé a sì wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ó sinmi." Ìsinmi kọ́ ni. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

Dókítà yóò gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, yóò fa omi sí i lára níwọ̀n, yóò sì gba ojú iṣan fún un ní oògùn tí ń pa kòkòrò. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kí wákàtí kan tó kọjá ni kí oògùn náà ti wọ ara. Ó sì dùn wá pé níbi tí a ti ń sanwó kí a tó gba oògùn, wákàtí náà gan-an ni a fi ń wá owó kiri. Àwa ń bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ kí wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ akápò fún irú òru bẹ́ẹ̀, kí a sì mọ ilé ẹni tí a ó kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.