Ohun tí Igbá Kò Lè Ṣe fún Ọpọlọ

Iṣẹ́ ìṣègùn kọ́ ni mo kọ́. Ọ̀rọ̀ ni mo ń tú wò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀ràn yìí. Bí èrò bá já bọ́ láti orí ọ̀kadà ní Òṣòdì, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ‘Ṣé orí rẹ̀ fọ́?’ Bí kò bá fọ́, a ó ní kí ó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni a sọ orí di igbá: bí kò bá ti fọ́, ó pé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ni ó sì wà nínú agbárí. Bí orí bá gbá mọ́ ọ̀dà títì, agbárí a dúró lójijì, ṣùgbọ́n ọpọlọ ṣì ń lọ. A máa yí, a máa lọ́, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí apá kan rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí apá kejì a sì nà tàbí kí wọ́n já. Ẹ̀jẹ̀ lè má sí lóde rárá. Síbẹ̀ ẹni náà lè máa béèrè ohun kan náà léraléra, kí ó máa bì, kí ó máa tòògbé. Ilé ìwòsàn ni a ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe orí ẹní.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi àṣíborí ṣe dandan jákèjádò Nàìjíríà, àwọn ọlọ́kadà kan ní Kánò dé igbá sórí. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ni igbá, bí kò ṣe agbárí kejì, líle lórí líle? Fóòmù inú àṣíborí ni ó ń ṣiṣẹ́: òun ni ó ń rún, tí orí fi ń rí àyè dúró díẹ̀díẹ̀.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Kọ́ńdọ́kítọ̀ dánfó tí ó so mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ńkọ́? Kò dé nǹkan kan sórí.