Ìyẹ̀ Igi Tó Wà Lókè Àjà

Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í bẹ̀rù igi. Ìtì tíìkì lè wà lẹ́bàá ààrò láti àárọ̀ dalẹ́ kó má gbaná. Ẹni tó bá fẹ́ sun ún á wá ògùṣọ̀ sí i nídìí, á fẹ́ ẹ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹ̀rọ fá igi yẹn kan náà, èérún tó bọ́ sílẹ̀ á gbaná lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá wá fi sanpépà ha á títí ó fi kúnná bí ẹlùbọ́, ó ti kúrò ní igi tí ẹ mọ̀. Kó ṣáà gbéra nínú yàrá tó há, kí iná kékeré kan sì bá a lókè: gbogbo rẹ̀ á gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bú gbàù.

Yorùbá ti mọ ìyẹ̀ igi tipẹ́. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń dà sórí ọpọ́n, ikán ló ń lọ̀ ọ́ lára igi ìrosùn. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí ikán fi ọjọ́ pípẹ́ lọ̀, ẹ̀rọ ìhagi ń tú irú rẹ̀ jáde kí ènìyàn tó mí kanlẹ̀. Àwọn bàbá wa lo àáké àti ayùn ọwọ́. Èérún ńlá ńlá ni wọ́n ń gbá dànù. Ẹ̀rọ ló sọ ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà di ilé ìyẹ̀.

Kì í ṣe igi nìkan: ohunkóhun tó ń jó, tó sì kúnná, lè bú bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1785, ní ìlú Turin ní Ítálì, ọmọṣẹ́ kan ń fi ṣọ́bìrì kó ìyẹ̀fun nílé olùṣe-búrẹ́dì kan tó ń jẹ́ Giacomelli. Àtùpà ń jó nítòsí. Ìyẹ̀fun ya lulẹ̀ gìrì, ó rú sókè bí èéfín, ó kan àtùpà, ó sì bú. Count Morozzo, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá àti onímọ̀ ìlú náà, kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé òjò kò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àlìkámà ti gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti rí ọyẹ́ ní Pobè nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ètè ń là, tí ilẹ̀kùn pákó ń súnkì nínú férémù rẹ̀, mọ ohun tí Morozzo ń sọ.

Iná lásán ń fẹ́ ohun mẹ́ta: ohun tó ń jó, afẹ́fẹ́, àti ooru tó máa tàn án. Kí ìyẹ̀ tó lè bú, méjì gbọ́dọ̀ kún un: kó fò káàkiri inú afẹ́fẹ́, kí ògiri àti òrùlé sì há a mọ́. Iná tó wà ní gbangba ráyè gbòòrò. Èyí tó wà nínú yàrá á wú, kò ní rí ibi gbà, á wá ti ògiri ṣubú.

Ẹ̀mí ènìyàn ni àwọn ará Kánádà fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2012, ilé ìlapákó Babine Forest Products, nítòsí Burns Lake ní ìpínlẹ̀ British Columbia, bú gbàù. Ènìyàn 2 kú, 20 fara pa. Igi páìnì tí kòkòrò ti pa lórí ìdúró, tó ti gbẹ dáadáa, wà lára ohun tí wọ́n ń là. Òtútù sì ti jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Oṣù 3 ó lé ọjọ́ 3 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ilé ìlapákó Lakeland ní Prince George, ní ìpínlẹ̀ kan náà, tún bú. Ènìyàn 2 kú níbẹ̀, 22 fara pa. Àwọn olùṣèwádìí wá ibi tí iná ti ṣẹ́ yọ. Kò sí sìgá, kò sí ìṣáná. Irin tó ń ha irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ẹ̀rọ, tó gbóná láàárín ìyẹ̀, ni wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe jù kó fà á níbi méjèèjì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2015, ọlọ kan tó ń lọ igi di ìyẹ̀fun ní Bosley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú ó sì wó. Ènìyàn 4 kú.

Ohun tó yẹ kó kó gbogbo ènìyàn láyà sókè rèé: bíbúgbàù àkọ́kọ́ kì í sábà tóbi. Ó lè jẹ́ pòò kan nínú ẹ̀rọ tàbí nínú páìpù. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ á gbọn àjà, ìyẹ̀ tó ti jókòó lórí igi àjà láti ọdún bíi mélòó kan á dà sílẹ̀ bí ìkùukùu, iná àkọ́kọ́ á sì wọ inú rẹ̀. Bíbúgbàù kejì ló ń wó ilé, òun ló sì máa ń pa ènìyàn jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyẹ̀ tó nípọn mílímítà 1, tí kò ju kí ènìyàn fi ìka fa ilà sórí rẹ̀, lè wọn nǹkan bíi gíráàmù 200 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú, mítà 1 ní òòró. Bí yàrá náà bá ga ní mítà 4, tí gbogbo rẹ̀ sì fò sókè, gíráàmù 50 ló máa kan mítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ìyẹ̀ igi tó kúnná, gíráàmù 40 sí 60 ti tó láti bú.

Ní Igana, ní Pobè títí dé Sakété, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ́ àtíbàbà: òpó, páànù lókè, ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀. Àánú ńlá ni ẹ̀gbẹ́ tó ṣí yẹn. Atẹ́gùn ń gbá ìyẹ̀ lọ, iná ò sì rí ibi há mọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti ń lọ déédéé, ọ̀gá á mọ bíríkì yí i ká nítorí olè, á fi ilẹ̀kùn irin sí i, á ra ẹ̀rọ ìhagi tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ilé tuntun náà, tí gbogbo ènìyàn ń kí i kú oríire, ni ewu ìyẹ̀ wọlé. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kó ra ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀ láti ẹnu ayùn, kó sì gbé àpò tó ń gbà á síta, kì í ṣe sínú ilé.

Àtíbàbà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ iná. Òkóbàbà ní Èbúté-Mẹ́ta, tó jẹ́ ọjà pákó olókìkí l'Ékòó nígbà kan, jóná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òkìtì ìyẹ̀ lè máa jó lábẹ́lẹ̀ láìsí ọwọ́ iná lójú, kó di òru kó tó ṣẹ́ yọ. Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, tún kún un. Àwọn tí iná kpayo jó pa ní Kraké ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 lé ní 30. Kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sùn sínú ilé iṣẹ́ tí ìyẹ̀ wà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n yéé fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ìyẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ àti àjà: ìkùukùu tí a ń sá fún gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀ ló dára jù. Níbi tí kò bá sí, kí wọ́n fi aṣọ tútù nu òkè, kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó rọra gbá a. Bíárìn tó ń ké ń bẹ̀bẹ̀ fún gírísì ni. Kí wọ́n yọ ìṣó lára pákó àlòkù kó tó kan ọ̀bẹ ẹ̀rọ, kí wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì kọjú iná rẹ̀ sí òdìkejì. Bí òkìtì ìyẹ̀ bá ti ń jó, omi tó rọra ń rọ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá da odindi garawa lé e lẹ́ẹ̀kan náà lè gbé e sókè sínú ọwọ́ iná.

Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀ kò tán síbi iná. Láti ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ti ka ìyẹ̀ igi mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Imú ló sì ń bá jà jù.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ gbé àkàbà, ẹ fi ìka fa igi àjà yín wò. Bí ilà bá hàn, ẹ pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ kọ́kọ́ nu òkè. Ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà àwọn panápaná ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sára ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọṣẹ́ tó kéré jù á ti rí i: 118.